Èérún Ẹ̀jẹ̀ àti Oògùn Heparin: Ọ̀nà Tí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lè Gbà Sàn Jù Bẹ́ẹ̀ Lọ ní Ìbàdàn

Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn níka nínú ilé ìdáná, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà a sì dá dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èyí sí ohun ìyanu, nítorí pé láti kékeré ni ojú wọn ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni ara ń ṣe ní àkókò náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn èérún kéékèèké kan wà tí wọ́n kéré gan-an ju sẹ́ẹ̀lì pupa lọ. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń jáde wá, wọn kì í sì í lò ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó kú, tí òmíràn yóò sì rọ́pò wọn. Platelet ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Èérún ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ tí a ó fi pè wọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé ibẹ̀, wọn a lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn a sì dí ojú ihò náà bí ẹni fi amọ̀ dí ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò hun okùn tín-ín-rín yí wọn ká, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì le.

Bí a bá pín ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sí ọ̀nà àádọ́ta, ìpín kan péré nínú rẹ̀ ní èérún tí ó tó 150,000 títí dé 400,000. Iye tí ó wà nínú ìwé àwọn òyìnbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ yìí kò gbà pé kí á kàn gbé òṣùwọ̀n òkèèrè wá láìwádìí. Ní ọdún 1973, E. M. Essien, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí iye èérún ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le. Ó ti hàn gbangba nísinsin yìí pé iye ti ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí kò ṣàìsàn rárá kéré díẹ̀ sí ti àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí yóò wúlò fún wa níwájú.

Dídì ẹ̀jẹ̀ dára ní ojú ọgbẹ́, kò dára nínú iṣan. Ẹni tí alùpùpù gbé ṣubú ní Challenge, tí egungun itan rẹ̀ kán, tí ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Obìnrin tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún nínú ikùn: ẹ̀jẹ̀ lè dì sí gbogbo wọn ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà yóò wú, yóò gbóná, yóò sì máa ro. Bí ègé kan bá já lára ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ó lè bá ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa aláìsàn láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀ bí a kò bá fi oògùn sí i. Nítorí gbogbo ìwọ̀nyí ni heparin ṣe di oògùn tí kò ṣeé fi ṣeré ní ilé-ìwòsàn kárí ayé.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan, Jay McLean, ni ó kọ́kọ́ ṣe alábàápàdé rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1916, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n William Howell. Ohun tí wọ́n rán an níṣẹ́ pé kí ó wá ni èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ohun tí ó rí ni èyí tí ń dènà rẹ̀. Láti inú ẹ̀dọ̀ ẹran ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀. Lóde òní, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. (Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láàyè lè bi dókítà rẹ̀ léèrè, oògùn mìíràn wà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kò ní ohun ẹran kankan nínú, fondaparinux sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.)

Ọdún 1957 ni a ṣí Ilé-ìwòsàn UCH ní Oríta Mẹ́fà, ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá. Ní ọdún kan náà, àwọn oníṣègùn méjì ní ìlú Hanover ní Amẹ́ríkà, Weismann àti Tobin, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ròyìn ohun tí etí kò fẹ́ gbọ́. Àwọn aláìsàn mẹ́wàá tí wọ́n ń fún ní heparin, ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ńlá wọn nígbà tí oògùn náà wà lára wọn. Ní ọdún 1958 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ó di ọdún 1973 kí Rhodes, Dixon àti Silver tó fi hàn pé èérún ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń dínkù gidigidi, àti pé ohun kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn tí ń mú kí èérún náà ṣù jọ bí heparin bá ti wà níbẹ̀. Ní ọdún 1992 ni Amiral àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé wá tú àṣírí rẹ̀ pátápátá.

Àṣírí náà ni èyí. Nínú èérún ẹ̀jẹ̀ ni ohun kan wà tí a ń pè ní PF4. Bí ó bá jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó sì bá heparin pàdé, àwọn méjèèjì a lẹ̀ mọ́ ara wọn, ìrísí PF4 a sì yí padà. Àwọn ọmọ-ogun ara kò ní dá a mọ̀ mọ́, bí ajá ilé ṣe ń gbó ọmọ ilé tí ó gbé aṣọ àjèjì wọ̀. Lára àwọn kan, ọmọ-ogun wọ̀nyí a lẹ̀ mọ́ PF4 àti heparin, wọn a sì di èérún ẹ̀jẹ̀ mú, wọn a ta á jí. Gbogbo èérún tí ó ti ń sinmi yóò wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Ẹ̀jẹ̀ yóò dì káàkiri, èérún tí ó ṣẹ́kù yóò sì dínkù, nítorí pé iṣẹ́ òfo ni a ti ná ìyókù sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń rú àwọn ènìyàn lójú nìyí. Bí èérún ẹ̀jẹ̀ bá kéré, ohun tí gbogbo dókítà ń bẹ̀rù ni pé kí aláìsàn má ba à ṣẹ̀jẹ̀ jù. Nínú àrùn yìí, dídì ẹ̀jẹ̀ ni kí á bẹ̀rù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba heparin ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má ba à tìtorí ẹ̀kọ́ yìí sá fún oògùn tí ó lè gbà á là. Ní ọdún 1995, Warkentin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún. Nínú 332 tí ó gba heparin àtijọ́, mẹ́sàn-án ni àrùn náà mú. Nínú 333 tí ó gba irú èyí tí a ti gé kéékèèké, tí a máa ń gún sí abẹ́ awọ ara, kò mú ẹnì kan. Ṣùgbọ́n heparin àtijọ́ ni ó wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn títí di òní, òun náà ni a sì máa ń lò jù nídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin kan tí ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fún un ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ má ba à dì sí i lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ara rẹ̀ ti ń yá, ó ti ń bèèrè ẹni tí ń bá a ṣọ́ ìsọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú báyìí?" Kí ó tó dáhùn, àbúrò rẹ̀ tí ó wá kí i ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun tẹ oògùn. Dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì, ó sì rò pé heparin kò tó; ó ní kí wọ́n fi kún un. Ọ̀rọ̀ àbúrò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́ lọ́nà tí òun fúnra rẹ̀ kò rò: oògùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń fi kún un, ẹsẹ̀ yẹn lè kú, kí wọ́n sì gé e.

Kí ni ó lè gba obìnrin yìí là? Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ó ṣáájú. Kíka èérún ẹ̀jẹ̀ ni, àyẹ̀wò tí Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ring Road tàbí yàrá àyẹ̀wò aládàáni ní Dùgbẹ̀ lè ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kíkà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí obìnrin náà bá ní 320,000 kí ó tó gba oògùn, tí a sì bá 155,000 ní ọjọ́ kẹjọ, ìwé tí ó bá jáde láti yàrá àyẹ̀wò yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é, nítorí pé 155,000 kò kúrò nínú òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti pàdánù ju ìdajì lọ! Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé 150,000 ni tirẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, tí ara rẹ̀ sì le koko. Láìmọ iye tí ó wà kí a tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kò sí ọlọgbọ́n tí ó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, kí á kà á ṣáájú, kí á sì tún máa kà á ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹrìnlá. Owó àyẹ̀wò yìí ń wúwo lọ́rùn àwọn ará ilé aláìsàn, òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n owó gígé ẹsẹ̀ pọ̀ jù ú lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra.

Ohun méjì ni ó máa ń ti kíkà yìí sínú àṣìṣe ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni ibà. Kòkòrò ibà a máa dín èérún ẹ̀jẹ̀ kù púpọ̀. Essien pẹ̀lú tún kọ̀wé lórí ipò tí èérún ẹ̀jẹ̀ ń wà nígbà tí ibà bá le, ní ọdún 1989. Nítorí náà, bí èérún bá dínkù lára aláìsàn tí ara rẹ̀ gbóná, ọkàn gbogbo ènìyàn a lọ sọ́dọ̀ ẹ̀fọn, wọn a fún un ní oògùn ibà, heparin yóò sì máa lọ ní tirẹ̀. Kí á wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi bóyá kòkòrò ibà wà níbẹ̀ lóòótọ́ kí a tó dá ibà lẹ́bi. Èkejì ni ìgò tí a gba ẹ̀jẹ̀ sí. Oògùn tí ó wà nínú ìgò onídèérí elésè-àlùkò a máa mú kí èérún àwọn kan ṣù jọ nínú ìgò, kì í ṣe nínú ara, ẹ̀rọ a sì kà wọ́n mọ́ nǹkan mìíràn. Èyí rọrùn láti mọ̀: kí ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí díńgí kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, tàbí kí a tún ẹ̀jẹ̀ gbà sínú ìgò onídèérí aláwọ̀ ojú ọ̀run kí a sì tún un kà.

Bí èérún bá ti dínkù lóòótọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn ń bi ara wọn. Báwo ni ó ti dínkù tó? Ọjọ́ wo ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ṣé láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tuntun ti dì níbì kan? Ṣé ohun mìíràn wà tí ó lè fà á, bí ibà tàbí àkóràn? Òǹkà kan tàbí méjì ni a máa ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, tàbí òdo, gbogbo rẹ̀ kò sì lè ju mẹ́jọ lọ. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí kí ó kéré sí i, ó ṣòro kí ó jẹ́ àrùn yìí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin lọ sókè, kí a dá heparin dúró lójú ẹsẹ̀, kí a má dúró de èsì kankan. Ìwé pélébé àti gègé ni gbogbo irinṣẹ́ tí èyí ń fẹ́. Ó ya ni lẹ́nu pé ohun tí kò ní owó nínú ni a sábà máa ń fò dá.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò tí ń wá ọmọ-ogun ara náà gan-an yóò tẹ̀ lé e. Àwo pẹlẹbẹ kan tí ó ní kòtò kéékèèké 96 ni wọ́n ń lò. A ti fi PF4 àti heparin rẹ́ inú kòtò kọ̀ọ̀kan. A ó bu omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí i. Bí ọmọ-ogun náà bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, àwọ̀ yóò sì yọ. ELISA ni wọ́n ń pè é. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù aláìsàn tòótọ́, ìyẹn ni iyì rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń mú aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, bí irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Nàìjíríà ní Enúgu ní ọdún 1974, ni ó ń ní ọmọ-ogun yìí lára láìjẹ́ pé àrùn náà mú wọn. Nítorí náà, kò tó kí èsì sọ pé "ó wà" tàbí "kò sí". Kí yàrá àyẹ̀wò kọ bí àwọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó, nítorí pé àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà jẹ́ àrùn, àwọ̀ tí ó jinlẹ̀ gan-an sì sábà máa ń jẹ́ ẹ. Kí dókítà sì gbé èsì náà ka orí ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn.

Àyẹ̀wò tí ó parí ẹjọ́ ni èyí tí a fi ń wò ó bóyá ọmọ-ogun náà lè ta èérún jí lóòótọ́. Sheridan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé irú kan kalẹ̀ ní ọdún 1986, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ èròjà onítànṣán tí ibi díẹ̀ ní ayé ní àṣẹ láti lò. Ní ọdún 1991, Greinacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé òmíràn jáde tí kò ní ìtànṣán nínú: èérún tí a fọ̀ mọ́, tí a gbà lára àwọn mélòó kan tí ara wọn le, ni wọ́n ń pò mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti heparin díẹ̀, wọn a sì máa fi ojú wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún bóyá yóò ṣù jọ. Àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un kò gbọdọ̀ tíì lo aspirin láti ọjọ́ mélòó kan. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń fẹ́ jù, kì í ṣe owó.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kíka èérún ni ó wà nítòsí. Àwọn àyẹ̀wò yòókù kò wọ́pọ̀. Àwọn èròjà ELISA kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, wọ́n sì ní ọjọ́ tí wọn yóò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kò ṣeé fọkàn tán. Bí ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bá ra tirẹ̀ fún aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún, ọ̀pọ̀ ni yóò ṣòfò. Ó jọ pé ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ní ìlú bí Ìbàdàn ni kí gbogbo wọn para pọ̀ sí ibì kan. Omi ẹ̀jẹ̀ tí a bá ti yọ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tí a sì mú dì nínú yìnyín kì í tètè bàjẹ́. Ọkọ̀ lè gbé e láti Ring Road tàbí Agbowó dé Oríta Mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun kan péré ni kí nọ́ọ̀sì ṣọ́ra fún: kí ó má ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà láti ẹnu rọ́bà tí a ti fi heparin ṣan, nítorí pé yóò ba àyẹ̀wò jẹ́.

Àǹfààní ibùdó bẹ́ẹ̀ kò mọ sí heparin nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2021, abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti AstraZeneca tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin gúnlẹ̀ sí Àbújá. Ní oṣù kẹrin, àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Nọ́wè ròyìn pé lára àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó gba abẹ́rẹ́ náà, ọmọ-ogun tí ń bá PF4 jà yọ láìsí heparin rárá, ẹ̀jẹ̀ sì dì sínú ọpọlọ wọn. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, a sì ti kó abẹ́rẹ́ náà kúrò lọ́jà ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn yàrá àyẹ̀wò ní ẹ̀kọ́ kan: àwọn àyẹ̀wò oníkánjú tí ń fèsì láàárín ìdajì wákàtí sábà máa ń pàdánù irú àrùn yẹn, ELISA ni ó sì ń rí i.

Nígbà tí àrùn heparin bá ti hàn, gbogbo heparin ni a ó dá dúró, títí kan ìwọ̀nba tí a fi ń ṣan rọ́bà. A kò gbọdọ̀ fi warfarin rọ́pò rẹ̀ kíákíá kí èérún tó padà sí 150,000, nítorí pé ó lè mú kí ẹran ẹsẹ̀ kú. A kì í sì í fa èérún ẹlòmíràn sí aláìsàn lára àyàfi bí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Fondaparinux, argatroban, tàbí hóró oògùn bí rivaroxaban ni dókítà ń yàn nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ orúkọ heparin sí iwájú káàdì aláìsàn, kí àwọn ará ilé náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé ilé-ìwòsàn mìíràn ni ó lè gbé e lọ ní ọjọ́ iwájú.

Ọmọ-ogun náà kì í pẹ́ nínú ara. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó ti máa ń pòórá lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a kò bá gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin ẹlẹ́wà yẹn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí a kò sì fi í pamọ́ sínú òtútù, nígbà tí yóò bá fi padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà, kò sí àyẹ̀wò kankan tí yóò lè sọ mọ́ bóyá heparin ni ó ṣe é tàbí òun kọ́.